BÍ OMI ṢÁWÀ KÒ BÁ LÁGBÁRA MỌ́: Ẹ WÁ ÌDÍ RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Ẹ̀kọ́ tí a gbé ka iwájú yín yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti gbà bí ohun tí kò ní àtúnṣe, èyíinì ni omi ṣáwà tí kò lágbára. Ẹ ó ti fi ọṣẹ para tán, ẹ ó ṣí ṣáwà, omi yóò sì máa kán tó, tó, tó, bí omi òrùlé nígbà tí òjò ti dá. Bí ẹ ti ń dúró dè é ni ọṣẹ ń gbẹ mọ́ yín lára, tí òtútù sì ń mú yín. Nígbà tí ó bá pẹ́, ẹnì kan nínú ilé yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ ra ẹ̀rọ tí ń fa omi." Wọn a ra á, wọn a so ó mọ́ páìpù, owó a sì lọ. Omi náà lè má pọ̀ sí i rárá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìsàn ni ẹ̀rọ náà ń fà wọ inú ilé.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí: kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi yín ti ń pàdánù agbára rẹ̀ kí ẹ tó ṣe àtúnṣe kankan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ omi di aláìlágbára. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí ó ń fà á ni ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe láàrin wákàtí kan, láìná owó púpọ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ÌLERA

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ìlera nípa páìpù inú ilé yín. Ó kàn wá púpọ̀.

Lọ́nà kìíní, ọṣẹ tí omi kò ṣàn kúrò lára tán a máa mú kí ara gbẹ kí ó sì máa yún ni, pàápàá ara àwọn ọmọdé.

Lọ́nà kejì, kí ènìyàn dúró pẹ́ lábẹ́ omi tútù tí ó ń kán díẹ̀díẹ̀ kò dára fún arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Ó sì léwu fún ẹni tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, nítorí pé òtútù wà lára àwọn ohun tí ó lè mú kí ìrora egungun dìde sí i.

Lọ́nà kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, páìpù tí agbára omi inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ fún ìdọ̀tí. Nígbà tí omi bá kún inú páìpù tí ó sì ń tì í láti inú wá, bí páìpù náà tilẹ̀ sán, omi mímọ́ ni yóò máa jò jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára yẹn bá lọ, omi gọ́tà tí ó yí páìpù ká lè gba ojú ibi tí ó sán wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àrùn onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru lè gbà wọ ilé tí ó mọ́ tónítóní. Ní ọdún 1991, onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 7,000 lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, àrùn yìí kan náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Omi tí ó ní ìdọ̀tí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun tí ó ń gbé e kiri. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bójú tó páìpù ilé rẹ̀ ń bójú tó ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀.

IBI TÍ OMI TI Ń RÍ AGBÁRA

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, omi ń ti inú kànga ẹ̀rọ tàbí páìpù ìjọba lọ sínú táǹkì tí a gbé sókè; láti inú táǹkì náà ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí balùwẹ̀. Bí omi inú táǹkì bá ti ga ju orí ṣáwà lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lágbára tó. Báà ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára yìí. Omi tí ó ga ní mítà 10 ni ó ń ní agbára tí ó tó báà 1. Èyí túmọ̀ sí pé mítà kan kò lè fún omi ní agbára ju ìdá kan nínú mẹ́wàá báà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan tí kò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe àpẹẹrẹ. Òpó tí táǹkì rẹ̀ dúró lé ga ní mítà 3. Bí táǹkì bá kún, omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1. Orí ṣáwà sì wà ní mítà 2 sí ilẹ̀. Nígbà tí táǹkì bá kún, omi ga ju ṣáwà lọ ní mítà 2. Nígbà tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mítà 1 péré ni ó kù. Agbára omi náà ti dín ní ìdajì, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó kọ́kọ́ wẹ̀ ní òwúrọ̀ fi lè gbádùn omi, tí ẹni tí ó wẹ̀ kẹ́yìn yóò sì máa ráhùn.

Ẹ kíyè sí i pé gíga táǹkì ni a ń sọ, a kò sọ títóbi rẹ̀. Táǹkì lítà 5,000 tí ó wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò lè gbé omi dé orí ṣáwà tí ó ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n táǹkì lítà 500 tí a gbé sókè dáadáa yóò tú omi jáde pẹ̀lú ipá.

Agbára kékeré yìí ni omi yóò fi la gbogbo ọ̀nà kọjá dé balùwẹ̀. Páìpù tí ó gùn, páìpù tóóró, ìgbọ̀nwọ́ páìpù àti fáàfù, gbogbo wọn ni yóò gba tiwọn nínú rẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí a rán lọ sí ọjà, tí gbogbo ẹni tí ó pàdé lọ́nà ń gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó tí ó mú kúrò nílé kò bá pọ̀, ọwọ́ òfo ni yóò gbé dé ọjà.

Ẹ WỌN OMI YÍN

Kò yẹ kí a fi ojú lásán díwọ̀n. Ẹ wá korobá kan àti aago tí ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Aago inú tẹlifóònù náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 10 wọn omi sínú korobá, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ sì da omi náà sínú ohun mìíràn kí ó má bàa ṣòfò. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé korobá sí abẹ́ ṣáwà, ẹ ṣí ṣáwà dé òpin, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí omi yóò fi dé ojú àmì náà. Ẹ fi iye yìí pín 600. Ohun tí ẹ bá rí ni iye lítà tí ṣáwà yín ń tú láàrin ìṣẹ́jú kan.

Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 60, lítà 10 ni. Ó dára púpọ̀.
Bí ó bá gba 100, lítà 6 ni. Ó tó wẹ̀.
Bí ó bá gba 150, lítà 4 ni. Kò lágbára mọ́.
Bí ó bá gba 300, lítà 2 péré ni. Ó di dandan kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí ṣáwà kúrò, kí ẹ tún wọn omi láti ẹnu páìpù lásán. Ìdánwò kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Bí omi bá pọ̀ sí i gidigidi, orí ṣáwà ni ó dí tàbí ni kò bá omi yín mu. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ, ẹ kò sì nílò táǹkì tuntun. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, orí ṣáwà kò jẹ̀bi. Ẹ máa tẹ̀ lé páìpù lọ sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ YÓÒ TỌ́ YÍN SỌ́NÀ

Ìbéèrè kìíní: Ṣé ṣáwà nìkan ni, tàbí gbogbo ilé? Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ṣáwà. Bí àwọn yòókù bá ń tú dáadáa, ọ̀ràn náà kò jìnnà sí balùwẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rọ, ẹ wo táǹkì àti páìpù àgbà tí ó ti inú rẹ̀ wá.

Ìbéèrè kejì: Ṣé omi gbígbóná nìkan ni kò lágbára? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fáàfù tí ó wọ inú ẹ̀rọ amómigbóná lè má ṣí tán, tàbí kí ìdọ̀tí dí ọ̀nà inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ náà fúnra yín, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná wà nínú rẹ̀. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: bí omi tútù bá rọ lójijì nítorí pé ẹnì kan ṣí omi ní ilé ìdáná, omi gbígbóná nìkan ni yóò máa tú sí ẹni tí ń wẹ̀ lára. Ẹ má ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ ní òun nìkan lábẹ́ irú ṣáwà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: Ṣé lójijì ni, tàbí díẹ̀díẹ̀? Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójijì sábà máa ń jẹ́ fáàfù tí ẹnì kan tì, páìpù tí ó bẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú páìpù. Èyí tí ó wáyé díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù tàbí ọdún sábà máa ń jẹ́ ìpẹtà àti ìdọ̀tí tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù.

Ìbéèrè kẹrin: Ṣé ó ní àsìkò kan? Bí ó bá jẹ́ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan, tí ilé yín sì ń lo omi ìjọba tààrà, gbogbo àdúgbò ni ó ń pọn omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí táǹkì ń gbẹ ni, ẹ rántí àpẹẹrẹ tí a ṣe lókè.

Ẹ TẸ̀ LÉ OMI LÁTI ORÍ ṢÁWÀ DÉ INÚ TÁǸKÌ

Ìgbésẹ̀ kìíní: Orí ṣáwà. Ẹ ti omi pa. Ẹ fi aṣọ wé orí ṣáwà kí sípánà má bàa bó o, kí ẹ sì tú u jẹ́jẹ́. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá iyanrìn, ìpẹtà tàbí nǹkan funfun ti dí ihò rẹ̀. Ní àdúgbò tí irin bá pọ̀ nínú omi kànga ẹ̀rọ, ẹ ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rẹ orí ṣáwà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ pò mọ́ fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀yọ ọwọ̀ kan gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ṣí omi díẹ̀ kí ó fọ ìdọ̀tí inú páìpù jáde. Ẹ má gbàgbé rọ́bà kékeré tí ó wà ní ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù funfun tí àwọn pulọ́ńbà ń lò wé ojú ìdè páìpù kí ó má bàa máa jò.

Ìkìlọ̀ ńlá: ẹ má ṣe da fínígà tàbí omi ọsàn pọ̀ mọ́ omi bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Bí méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ni yóò jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré.

Fífọ orí ṣáwà kọjá ọ̀rọ̀ agbára omi. Kòkòrò àrùn kan wà tí a ń pè ní Legionella. A mọ̀ ọ́n lẹ́yìn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ó kọlu àwọn ènìyàn tí wọ́n lọ sí ìpàdé kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó dúró sójú kan, àti ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ inú páìpù àti orí ṣáwà. Bí omi bá fọ́n ká, a lè fa kòkòrò náà símú, ó sì lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá fún arúgbó àti ẹni tí ń mu sìgá. Nítorí náà, bí ẹ bá rin ìrìn-àjò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ṣí ṣáwà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jáde síta kí omi tú fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀.

Bí orí ṣáwà bá mọ́ tónítóní tí omi kò sì tún tó, ó lè jẹ́ pé kò bá ilé yín mu. Púpọ̀ nínú àwọn orí ṣáwà fífẹ̀ tí ó rẹwà lójú ni a ṣe fún ilé tí agbára omi rẹ̀ tó báà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni táǹkì ọ̀pọ̀ ilé wa kò lè fún wọn ní ìdá mẹ́ta rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ni ó fi ṣáwà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1994 ni òfin ibẹ̀ kò ti jẹ́ kí ṣáwà tú ju nǹkan bí lítà 9.5 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan; nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ki ike kékeré oníhò tóóró sí lẹ́nu. Ní ilé tí omi ń ti táǹkì wá láìsí ẹ̀rọ, ike náà lè pa omi kú pátápátá. Orí ṣáwà kékeré tí ihò rẹ̀ mọ níwọ̀n ni ó yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Fáàfù. Ẹ wá gbogbo fáàfù tí ó wà láàrin táǹkì àti balùwẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ṣí tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníṣẹ́ ti ń ti fáàfù láti ṣiṣẹ́, tí kò sì ní ṣí i dé òpin nígbà tí ó bá ń lọ. Nínú fáàfù àtijọ́, irin inú rẹ̀ lè já. Ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ṣí. Irú èyí gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Afẹ́fẹ́ inú páìpù. Bí táǹkì bá ti gbẹ rí tí a sì tún pọn omi sí i, afẹ́fẹ́ lè há sí ibi tí páìpù ti gbọ̀n sókè. Ẹ ó máa gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń húkọ́, tí yóò sì máa tú díẹ̀ tí yóò tún dúró. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún, ẹ ṣí àwọn ẹ̀rọ omi tí ó wà nísàlẹ̀ jù lọ dé òpin fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ti òkè. Bí omi bá ti ń ṣàn déédéé láìhúkọ́, ẹ tì wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Jíjò. Ní alẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì rí i dájú pé omi kò wọ inú táǹkì. Ẹ sàmì sí ibi tí omi inú táǹkì dé. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀, omi ń jò níbì kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ kán aró tàbí omi tíì dúdú sínú táǹkì kékeré tí ó wà lẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, bí àwọ̀ náà bá dé inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ láìjẹ́ pé a fi omi ṣan án, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara ògiri tí ó rin àti ilẹ̀ tí koríko ti ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi páìpù tí ń jò sílẹ̀, pàápàá èyí tí ó gba inú gọ́tà kọjá. Gbígbé e kúrò nínú gọ́tà ni àtúnṣe tòótọ́. Rọ́bà tí a dì mọ́ ọn kì í pẹ́ já.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Inú táǹkì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, yóò sì máa dí ẹnu páìpù. A rọ̀ yín pé kí ẹ máa fọ táǹkì ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù, ẹ fọ ìdọ̀tí rẹ̀, kí ẹ sì tún pọn omi kún un. Fún lítà 1,000 omi, ẹ da lítà 1 bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú sí i, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà tàbí kí ó fi wẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú u dànù, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú táǹkì ní òun nìkan. Ẹ rí i pé ìdérí rẹ̀ pa dé, kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin sínú rẹ̀, kí ọmọdé má sì kó sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Páìpù fúnra rẹ̀. Páìpù irin tí ó ti pẹ́ máa ń dógùn-ún láti inú, títí ihò rẹ̀ yóò fi kéré. Bí omi bá ń pupa ní òwúrọ̀ kí ó tó mọ́, ẹ fura sí èyí. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe sí páìpù tí ó ti dí, pípààrọ̀ ni. Bí ẹ bá sì ń pààrọ̀, ẹ jẹ́ kí páìpù àgbà tí ó ti táǹkì wá nípọn díẹ̀. Ẹnu páìpù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ìdajì ínǹṣì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ẹ sì sọ fún pulọ́ńbà kí ó dín ìgbọ̀nwọ́ páìpù kù bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

BÍ Ó BÁ JẸ́ PÉ TÁǸKÌ NI KÒ GA TÓ

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí omi kò sì tún tó, a jẹ́ pé gíga ni kò sí. Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, bí a bá gbé òpó náà láti mítà 3 sí mítà 6, omi yóò ga ju ṣáwà lọ ní mítà 4 sí 5, agbára rẹ̀ yóò sì ju ìlọ́po méjì lọ. Agbára yìí kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná, kì í sì í sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Lítà kan omi wọn kílò kan. Táǹkì lítà 2,000 tí ó kún wúwo tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré méjì. Bí òpó rẹ̀ bá wó, ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè yè é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ wo ìpìlẹ̀ àti irin rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣeré lábẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n gùn ún. Ẹ̀yin àgbà pàápàá, ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ má ṣe gun òpó táǹkì láìsí àkàbà tí ó dúró ṣinṣin àti ẹni tí yóò dì í mú nísàlẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ NÍPA Ẹ̀RỌ TÍ Ń FA OMI

Ẹ̀rọ tí ń fa omi kò burú; ibi tí a so ó mọ́ ni ó lè burú. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìjọba tààrà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń fa omi, ó ń sọ inú páìpù àdúgbò di òfìfo. Ibikíbi tí páìpù náà bá ti sán lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ yín ni yóò fa omi gọ́tà wọ inú rẹ̀. Omi náà yóò dé balùwẹ̀ yín, yóò dé inú ìkòkò ọbẹ̀ yín, yóò sì dé ilé aládùúgbò yín tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún ti gba omi lọ́wọ́ ìyàwó ilé tí ó wà ní ìkángun àdúgbò, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé.

Ohun tí ó tọ́ ni pé kí omi ìjọba kọ́kọ́ ṣàn fúnra rẹ̀ sínú táǹkì ilẹ̀. Láti inú táǹkì yìí ni ẹ̀rọ yóò ti gbé e lọ sókè. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí yóò fi agbára kún omi ṣáwà, ẹ̀yìn táǹkì òkè ni kí a so ó mọ́. Kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ ṣe é, kí ó ní wáyà tí ó wọ ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ibi tí omi lè ta sí. Nígbà tí iná bá lọ, agbára ẹ̀rọ lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ẹ ṣe àwọn àtúnṣe yòókù ná.

KÍ ÀTÚNṢE TÓ PARÍ

Ẹ má ṣe fi ara àìwẹ̀ dúró de pulọ́ńbà. Korobá kì í ṣe ohun ìtìjú. Korobá kan tí ó gba lítà 15 sí 20 tó àgbàlagbà wẹ̀ dáadáa, nígbà tí ṣáwà tí ń tú lítà 8 yóò ná lítà 40 láàrin ìṣẹ́jú 5. Ẹ fọ korobá náà lójoojúmọ́, ẹ bò ó, kí ẹ sì lo ìgò ìbumi tí ó ní ọwọ́. Fún ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ní fòníkúfọ̀ladìde, ẹ lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ ti fi ìgbọ̀nwọ́ ara yín tọ́ wò. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú korobá, kí ẹ tó da gbígbóná lé e, kí ọmọ má bàa ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná.

Bí omi bá yí àwọ̀ padà tàbí tí ó ń rùn lẹ́yìn tí páìpù bẹ́, ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì fi fọ ẹnu. Kí ẹ tó mu omi mìíràn tí kò dá yín lójú, ẹ sè é kí ó hó dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ olómi léraléra tàbí tí ó ń bì, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pè ní ORS, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Onígbáméjì kì í dúró de ilẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Korobá lítà 10 kún lábẹ́ ṣáwà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 120. Lítà mélòó ni ṣáwà náà ń tú láàrin ìṣẹ́jú kan? Ṣé ó tó wẹ̀?
2. Bí a bá yọ orí ṣáwà tí omi sì pọ̀ sí i gidigidi, níbo ni ìdí ọ̀ràn wà?
3. Kí ni ìdí tí táǹkì ńlá tí ó wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò fi lè fún ṣáwà ní agbára?
4. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìjọba tààrà?
5. Níbo ni páìpù ilé tiwa gbà kọjá? Ta ni nínú wa tí ó ti tẹ̀ lé e rí láti táǹkì dé balùwẹ̀?

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí ẹ jọ tẹ̀ lé páìpù náà láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ fi fáàfù kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, kí ẹ sì wọn omi ṣáwà yín. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sí ẹ̀yìn ìwé yìí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún un wọ̀n. Bí iye náà bá ti dín, ẹ ó ti mọ̀ kí ó tó di wàhálà, kí gọ́tà tó rí ọ̀nà wọ ilé yín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti inú balùwẹ̀ ni ìlera ìdílé yín ti lè bẹ̀rẹ̀.